Èéfín Táyà ní Tìtẹ̀

Ìdákẹ́rọ́rọ́ ló jí Kúnnéy láàárọ̀ ọjọ́ náà. Láti ìrọ̀lẹ́ àná tí ọkọ̀ akẹ́rù Mẹ̀hẹ́lẹ̀, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀, ti dúró síwájú ilé wọn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń kùn, tó ń mi gíláàsì ojú fèrèsé, ìkùn yẹn gan-an ló sì jẹ́ kó rójú sùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin. Ó la ojú, ó tẹ́tí sílẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Mẹ̀hẹ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn," inú rẹ̀ sì dùn, nítorí ọ̀nà tí Mẹ̀hẹ́lẹ̀ ń lọ ni Jùlùsítán ọkọ rẹ̀ há sí.

Ó fi èékánná ha yìnyín kúrò lára gíláàsì, ó yọjú. Ọkọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa bò ó nímú, wọ́n tẹ́ awọ ẹṣin lé e lórí, wọ́n sì fi okùn dì í dáadáa bí ẹni di ọmọ tuntun. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ìyá ọkọ rẹ̀ ni.

Ìyá náà, Ogdó, wà nídìí ààrò, ó ń dín àkàrà ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ. Ó ti ju àkọ́dín sínú iná bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀, kí iná jẹun ṣáájú èèyàn.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Kí ló ṣe ọkọ̀ Mẹ̀hẹ́lẹ̀?"

"Kò sóhun tó ṣe é. Èmi ni mo pa á." Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àbí ìwọ ò gbọ́ lánàá pé inú owó iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó epo ni? Mo jáde lọ mú yìnyín tí a ó fi se tíì, mo bá a tó ń jẹ epo lásán níbi tó dúró sí. Àánú ọmọ ọlọ́mọ ṣe mí. Mo gùn ún, mo yí kọ́kọ́rọ́, mo sì fi aṣọ bò ó. Ẹṣin tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé, ṣé a kì í jẹ́ kó sinmi ni?"

"Ìgbà wo nìyẹn, Màmá?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì mọ́."

Oṣù Ọ̀wàrà tó kọjá ni Ogdó dé láti oko ẹṣin tó ti gbé láti ìgbà èwe rẹ̀. Òtútù àkọ́kọ́ tó bá a nínú abúlé Tìtẹ̀ nìyí, ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ kì í sì í dúró nílé ju ìwọ̀nba àkókò tí yóò fi jẹun lọ, torí náà kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ta ni ì bá tiẹ̀ sọ ọ́? Ọmọ ọdún mẹ́ta nínú abúlé yẹn ló mọ̀ pé bí òtútù bá ti wọ ìwọ̀n àádọ́ta sísàlẹ̀ òdo, a kì í pa ọkọ̀. Ọkọ̀ tí a bá pa fún wákàtí méjì, òkúta ni. Epo rẹ̀ á dì bí òrí, bátìrì á kú, ohun tí a fẹ́ yí á kọ̀ kò ní yí.

"Yéè! Màmá, ẹ ti pa ọmọ yín!" Igbe Kúnnéy gba ilé kan. "Ọkọ̀ tó fẹ́ lọ wá Jùlùsítán lẹ pa síta yẹn! Òní ni epo rẹ̀ máa tán! Òní! Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ yín kan nǹkan kan mọ́ nínú ilé yìí!"

Ẹyin lohùn. Ogdó fi fọ́ọ̀kì tó fi ń yí àkàrà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ki ti ọ̀tún bọ apá aṣọ òsì, ó ki ti òsì bọ ti ọ̀tún, ó lọ jókòó sórí àga gbọọrọ tó wà lẹ́bàá ògiri. Àkàrà tó wà lórí iná jó di èédú.

Ariwo yẹn ló jí Mẹ̀hẹ́lẹ̀ níbi tó sùn sí. Ó jáde láìwọ bàtà, ọkùnrin gbàǹgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò rí abẹ fún oṣù kan. Òun náà tẹ́tí, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ta ló pa ọkọ̀ mi?"

"Èmi ni, ọmọ mi," Ogdó dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Ọkùnrin náà la ẹnu, ó wo irun funfun orí ìyá yẹn, ó pa ẹnu dé. Ó wo òkè àjà, ó bú òkè àjà dáadáa, ó bú ilé ààrò, ó bú oṣù Èrèlé àti ẹni tó dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàtà onírun rẹ̀.

"Bọ̀dá Mẹ̀hẹ́lẹ̀, ṣé a ṣì lè bá a?" Kúnnéy bi í.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ìka ọwọ́ ni Mẹ̀hẹ́lẹ̀ fi kà á fún un. Ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn ni Jùlùsítán sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn lórí rédíò ọkọ̀, ó ní òun ti kọjá òkè, epo tó kù kò tó ìdajì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjì òjò dídì bẹ̀rẹ̀, ó sì jà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ̀ tó bá dúró tó ń kùn nítorí òtútù nìkan, epo yẹn á gbé e dé alẹ́ òní. Ẹ́ńjìnnì tó bá kú, ooru inú ọkọ̀ kú nìyẹn, ẹni tó wà nínú rẹ̀ náà ò ní pẹ́.

"Bí mo bá jáde ní ọ̀sán, ó ṣeé ṣe," Mẹ̀hẹ́lẹ̀ wí. "Lọ pe àwọn èèyàn."

Kí Kúnnéy tó jáde, ó tún gbé fóònù, ó pe ọ́fíìsì ọ̀nà ní ìlú ńlá. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún nìyẹn láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Obìnrin tó gbé e ní ohùn dídùn.

"Màdámù, a ti ti ọ̀nà yẹn láti ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn. Kò sí ọkọ̀ lórí ẹ̀."

"Ọkọ mi wà lórí ẹ̀."

"Kò lè wà níbẹ̀. A ti tì í. Ìwé ẹ̀ wà níwájú mi níbí."

"Ẹ bá mi fi katakata tó ń kó òjò dídì ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin obìnrin bíi tèmi."

"Màdámù, báwo la ṣe máa fi katakata ránṣẹ́ sórí ọ̀nà tí kò sẹ́nì kankan?"

Bó ṣe sọ fóònù kalẹ̀ ni ó tún dún. Ọmọọṣẹ́ oníṣòwò tó ni ẹrù ni. Ọkùnrin yìí kan náà ló sọ fún Jùlùsítán pé bí ó bá ń bẹ̀rù ìwé títì ọ̀nà, kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, àwọn tó fẹ́ wa ọkọ̀ tò síta bí ẹni tó ń gba búrẹ́dì. "Ìyàwó, ṣé ẹ ti gbúròó ẹ̀? Ápù ló kó o. Bó bá pè yín, ẹ ní kó má jẹ́ kí ápù dì o." Kúnnéy gbọ́ ọ tán. Kò bú u. Ó rọra gbé fóònù sórí tábìlì, ó fi agbada àkàrà dé e mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló jáde, ó ń kan ilẹ̀kùn kiri abúlé. Balbára aládùúgbò ni ó kọ́kọ́ dé. Ẹnu obìnrin yìí kò ní ìlẹ̀kùn. Ó dé ojúlé, ó wo bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa, ó pàtẹ́wọ́.

"Háà! Wọ́n fi aṣọ bo ọkọ̀! Ẹ wá wò ó o! Ṣé ẹ fún un ní koríko jẹ pẹ̀lú? Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Èmi ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àgbà tó ti oko ẹṣin wá, ẹ má jẹ́ kó..."

"Màmá Balbára," Kúnnéy wí, "Jùlùsítán ṣì wà lójú ọ̀nà."

Balbára yí padà lọ sílé rẹ̀. Nígbà tó máa fi dé, kẹ́tùrù omi gbígbóná méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ orí rẹ̀ kò sì sí lórí mọ́, ó ti fi wé ọwọ́ kẹ́tùrù kó má bàa jó o.

Bàbá Uybán tó ń kó èédú sí iná ńlá tó ń mú ilé gbogbo gbóná ní abúlé dé tẹ̀lé e, ó wọ́ páìpù irin àti ìdajì dírọ́ọ̀mù lórí ọmọlanke aláìníkẹ̀kẹ́. Ọmọ rẹ̀ ló gun alùpùpù orí òjò dídì lọ wá Jùlùsítán lánàá. Ó lọ títí epo rẹ̀ fi kù ìdajì, kò rí nǹkan kan, ó padà, epo mìíràn ò sì sí ní Tìtẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ti ọ̀nà. Bàbá náà yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀kan.

"Ta ló ṣe é?" Wọ́n sọ fún un. Ó mi orí. "Ó dáa. Ibi tí à ń lọ là ń wò, a kì í wo ibi tí a ti ṣubú. Ẹ tú bátìrì, ẹ gbé e lọ sẹ́bàá ààrò. Ẹ̀yin, ẹ da epo ẹ́ńjìnnì sínú garawa, ẹ lọ gbé e kaná. Ẹ mú igi wá."

Ẹni tí kò bá rí abúlé Tìtẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kò mọ ohun tí a ń pè ní ọmọnìkejì. Ilé mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀, kò sí èyí tí ààrò rẹ̀ kò fi nǹkan sílẹ̀. Ọkùnrin méjì gbé bátìrì wọlé bí ẹni gbé aláìsàn. Tíṣà ilé ìwé tú àga tó ti kán, ó kó igi rẹ̀ wá. Opó kan tí igi tirẹ̀ gan-an kò tó o dé òpin oṣù kó ẹrù igi kan wá, ó jù ú sílẹ̀, ó sì sá lọ kí wọ́n má bàa dá a padà fún un. Kúnnéy ń wò wọ́n. Inú ń bí i sí ìwé títì ọ̀nà, sí ápù, sí ìyá ọkọ rẹ̀, sí ara rẹ̀, síbẹ̀ "ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún yín" kò kúrò lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí èyí tí kò ti inú wá.

Wọ́n dá iná sínú ìdajì dírọ́ọ̀mù lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n fi páìpù darí ooru sókè. Ó di aago mọ́kànlá. Ó di aago méjìlá. Igi ń jó, òtútù ń jẹ ooru rẹ̀. Mẹ̀hẹ́lẹ̀ fi ọwọ́ kan irin, ó mi orí.

"Igi ò lè ṣe é," Bàbá Uybán wí. "Ó kan táyà."

Wọ́n wo ara wọn. Táyà jíjó, nǹkan àwọn awakọ̀ ni. Awakọ̀ tó bá há sójú ọ̀nà tí kò ní ohun tí yóò dáná mọ́, táyà àfipààrọ̀ rẹ̀ ni yóò jó. Èéfín dúdú tó bá gòkè lójú ọ̀run òtútù, kò sí awakọ̀ tó máa rí i kó kọjá lọ. Ìyẹn ni òfin wọn, kò sì sí nínú ìwé. A kì í fi táyà ṣeré nínú abúlé.

"Ṣé eré la ń ṣe báyìí?" Bàbá Uybán bi wọ́n.

Wọ́n kó táyà jáde lẹ́yìn ilé. Ó tó mẹ́fà. Balbára wo iná fún ìgbà díẹ̀, ó mú àáké, ó wọ àgbàlá rẹ̀. Ó ní ẹyẹ ọrùn-gígùn kan tó ti fi táyà gé, tó kùn ní funfun, tó ń gbin òdòdó sí nínú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sí àlejò tó dé Tìtẹ̀ tí kò fi ẹyẹ yẹn hàn. Ó fi àáké wà á jáde nínú òjò dídì, ó wọ́ ọ lọ́rùn wá.

"Màmá Balbára, ẹyẹ yín kẹ̀?"

"Ẹ jó o. Ó ti ń dàgbà náà. Kí lẹ ń wò lójú mi?" Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí iná mú ọrùn ẹyẹ náà.

Èéfín dúdú là, ó gòkè. Afẹ́fẹ́ kankan ò fẹ́ láti ìgbà tí ìjì ti dá, torí náà kò tẹ̀, kò fọ́nká, ó kàn ń lọ sókè ṣánṣán títí ojú kò fi tó orí rẹ̀.

Kúnnéy wọlé lọ wo bátìrì. Ilé tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Ogdó ṣì wà lórí àga gbọọrọ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú apá aṣọ rẹ̀. Tíì àárọ̀ tí ẹnìkan bù fún un ti tutù nini sínú ife. Iná inú ààrò kù díẹ̀ kó kú. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí iná sùn, tó máa ń bá iná sọ̀rọ̀ bí ẹni bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó jókòó níwájú rẹ̀, ó ń wò ó tó ń kú lọ, nítorí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan.

Kúnnéy sọ igi mẹ́ta sínú ààrò. Ó gbé bátìrì. Ó jáde.

Aago mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó da epo gbígbóná padà sínú ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tó so bátìrì mọ́ ọn. Mẹ̀hẹ́lẹ̀ gun ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì kérora, ó dákẹ́. Gbogbo abúlé dúró, èémí wọn ń di funfun lẹ́nu wọn. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì. Ó wúkọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó gbọn ara rẹ̀ bí ajá tó jáde nínú omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Àgbájọ ọwọ́!" Bàbá Uybán pariwo, wọ́n sì ń lu ara wọn lẹ́yìn, opó tó sá lọ náà ti padà, ó ń jó lójú kan. Kúnnéy ti di oúnjẹ, ó ti wọ ẹ̀wù onírun méjì. Òun náà ń lọ.

Mẹ̀hẹ́lẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Oòrùn ti ń sún mọ́ ilẹ̀. "Ó ti pẹ́ díẹ̀," ó sọ fún Kúnnéy jẹ́jẹ́. "Mi ò fẹ́ parọ́ fún ọ. Àmọ́ jẹ́ ká lọ."

Kúnnéy ti fi ẹsẹ̀ kan lé ọkọ̀ nígbà tí Balbára di í lápá mú. "Ẹ dákẹ́! Ẹ dákẹ́ ná!"

Ìkùn kejì ń bọ̀. Kì í ṣe láti ojú ọ̀nà, apá odò ni, níbi tí ọkọ̀ kì í gbà. Wọ́n rí iná kan ṣoṣo, ó ń mì, ó ń gòkè bọ̀ láti etídò. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tí yìnyín ti bò mọ́lẹ̀ tí a kò lè mọ àwọ̀ rẹ̀ yọ sí àárín wọn, ó dúró. Ìlẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin kan bẹ́ sílẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti di yìnyín, ètè rẹ̀ ti là, ó gbé àáké àti okùn ìfàkọ̀ lọ́wọ́.

"Ta ni?" ó ń kígbe. "Ta ló ń jó táyà? Ṣé ó ṣì wà láàyè?"

Jùlùsítán wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo dírọ́ọ̀mù, ó wo ilé ara rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ilé ara òun ni.

"Mo ṣìnà lójú ìjì," ó wí, ohùn rẹ̀ ti ń rẹlẹ̀. "Apá odò kejì ni mo bọ́ sí. Epo tó kù lè gbé mi gba ọ̀nà kan, mi ò sì mọ èwo. Mo ní kí n dúró síbẹ̀ kẹ́ ẹ wá bá mi. Ìgbà tó yá ni mo rí èéfín táyà. Mo ní ẹnìkan ń kú lọ. Awakọ̀ á rí èéfín táyà kó wá jókòó sójú kan ni?"

"Apá odò kejì?" Mẹ̀hẹ́lẹ̀ wí. Ó yọ fìlà rẹ̀. "Ọ̀nà gan-an ni mo fẹ́ gbà láàárọ̀. Ǹ bá ti kọjá lọ láì rí ọ." Olúkúlùkù yí ojú sí bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa tó wà nílẹ̀ lórí òjò dídì.

Balbára ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìwọ lò ń kú lọ, òpònú! Ìwọ la jó ẹyẹ mi fún!" Ó sì bú sẹ́kún.

Ọkọ̀ Jùlùsítán ṣì ń kùn lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dì mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì náà kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó kú fúnra rẹ̀. Epo ti tán. Kúnnéy gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó di apá ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ mú, kò lè fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi wọlé.

Inú ilé kún dẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé ìkòkò ẹran ẹṣin kaná, Bàbá Uybán ń gé ẹja dídì wẹ́wẹ́ lórí pátákó, wọ́n pín ápù tí kò dì sọ́wọ́ ọmọdé, kò sí ẹni tó bi oníṣòwò léèrè. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí àpótí. Wọ́n ní ọ̀nà apá àríwá ṣì wà ní títì, pé kò sí ọkọ̀ kankan lórí rẹ̀.

"Òótọ́ ni wọ́n sọ lónìí," Balbára wí. "Iwájú ilé wa ni gbogbo wọn wà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Lọ́dún tó kọjá, àwọn awakọ̀ kan wà tí kò sẹ́ni tó rí èéfín wọn, wọn ò sì padà wálé.

Jùlùsítán ti gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra. Ìyá ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan yìnyín tó ń yọ́ lójú ọmọ rẹ̀, ó ti sunkún, ó ti rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò yọ ọwọ́ rẹ̀ nínú apá aṣọ.

"Màmá, ṣé ọwọ́ ń dùn yín ni?" Jùlùsítán bi í.

Ogdó mi orí. Kò wo Kúnnéy. Mẹ̀hẹ́lẹ̀ ń wo inú ife rẹ̀.

Kúnnéy dìde. Ó wá sí iwájú àga gbọọrọ náà, ó kúnlẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ apá aṣọ ìyá ọkọ rẹ̀, ó fa ọwọ́ kan jáde, ó fa èkejì jáde. Wọ́n tutù, wọ́n sì le bí igi. Ó gbé wọn sí àárín àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

"Màmá, ẹ dárí jì mí," ó wí. "Iná ò tíì jẹun láti àárọ̀. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fún un. Ẹ dákun, ẹ wá bá mi fọwọ́ kàn án."

Ogdó dìde. Ó po ìyẹ̀fun, ó dín àkàrà kan, ó fi òrí wàrà pa á lára dáadáa, ó ṣí ẹnu ààrò. Ó bá iná sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọn ò gbọ́ ohun tó sọ. Lẹ́yìn náà ó jù ú sí i. Iná gbà á, ó jẹ ẹ́ tán, ìyá sì yíjú padà, ó na ọwọ́ méjèèjì sí Kúnnéy pé kó gbé abọ́ wá, kí òun bu oúnjẹ fún àwọn èèyàn.